Àrùn Tó Ń Mú Ẹsẹ̀ àti Ojú Àwọn Ìyá Wa: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìwádìí Òsósà

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì kan, ọmọ ẹgbẹ́ wa, bá ìpàdé ọdọọdún sọ ní Sábọ́n Gàrí, Kánò

   

Ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Láti ọdún tó ti pẹ́ ni a ti ń gbọ́ nípa ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà nínú gbọ̀ngàn yìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an láyé. Bó ti ṣọ̀wọ́n tó náà, ilẹ̀ wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀ dáadáa nínú ìwé ìṣègùn, láàrin àwọn Ìjẹ̀bú. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Òsósà àti Ẹ̀pẹ́ wà níbí. Ìyá wọn àti bàbá wọn ṣì wà nílé. Ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n, ó sì kan àwa tó kù, nítorí pé ohun tí a ó rí kọ́ níbẹ̀ wúlò fún òbí ẹnikẹ́ni tó ń dàgbà nílé nígbà tí ọmọ wà lájò.

Orúkọ tí àwọn dókítà fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì ni Tropical Ataxic Neuropathy. Wọ́n gé e kúrú sí TAN, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò ṣe máa pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àrùn iṣan ìmọ̀lára tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rìn tọ́.

Bí àrùn náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀, àti bó ṣe ń gbilẹ̀

Ẹsẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Àtẹ́lẹsẹ̀ á máa jó ènìyàn bí iná, tàbí kó máa ṣe é bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Bó bá pẹ́, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìyá á tẹ òkúta, kò ní mọ̀. Sílípásì á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, á máa lọ, ẹlòmíràn ni yóò pè é padà pé, "Màmá, bàtà yín rèé o."

Lẹ́yìn èyí ni ìrìn á wá yí padà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Nígbà tí a bá ń rìn, a kì í wo ẹsẹ̀ wa. Iṣan ìmọ̀lára tó wà nínú ẹsẹ̀ ló ń ròyìn fún ọpọlọ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kanlẹ̀, ti òsì ti gbéra. Bí iṣan wọ̀nyí bá bàjẹ́, ìròyìn kò ní dé mọ́. Ojú ló máa ń gba iṣẹ́ ẹsẹ̀ ṣe nígbà náà. Ìyá á máa wolẹ̀ bó ṣe ń rìn, á la ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á máa gbé e sílẹ̀ gbì, gbì. Lọ́sàn-án, á ṣì lè lọ sọ́jà kó sì bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, tí iná sì lọ, ojú kò rí ẹsẹ̀ mọ́, ló bá ṣubú. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti bọ́jú láàárọ̀, tó di ojú pẹ̀lú ọṣẹ, á tún ṣubú.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ mọ ohun tí àwọn ará ilé máa ń sọ. Wọ́n á ní, "Ọ̀sán kò ṣe é, òru nìkan ni wọ́n ń bá a jà." Wọ́n á na ìka sí ìyàwó ilé, tàbí sí orogún tó ti darúgbó. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìṣubú òru yẹn ní àlàyé, dókítà sì lè yẹ̀ ẹ́ wò láàrin ìṣẹ́jú kan. Á ní kí aláìsàn dúró, kó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kó wá di ojú, ẹnìkan á sì dúró tì í kó má baà ṣubú. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì síhìn-ín sọ́hùn-ún kété tó di ojú, dókítà mọ̀ pé ìròyìn láti ẹsẹ̀ ni kò dé ọpọlọ.

Nínú àrùn TAN, ọ̀rọ̀ náà lè má dúró níbẹ̀. Ó lè mú iṣan ojú méjèèjì, kí ojú máa ṣe bàìbàì, tí awò kò sì ní ràn án lọ́wọ́. Ó tún lè mú etí méjèèjì. Ẹ wò ó bó ti burú tó: ojú ni ẹsẹ̀ fẹ̀yìn tì, àrùn náà sì wá mú ojú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí, kò sì ní ìlà kan pàtó tó ń tọ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń rìn, fún oṣù àti ọdún, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ọmọ tó wà nítòsí kì í fi í tètè rí i. Ẹni tí kò gbọ́ràn mọ́, tí kò sì ríran dáadáa, kì í dáhùn bó ṣe yẹ. Kíá ni wọ́n á ti sọ pé Màmá ti ń ṣarán, nígbà tó jẹ́ pé wọn kò gbọ́ ohun tí ẹ sọ ni.

Àwọn tó kọ́kọ́ wádìí rẹ̀

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ àrùn yìí jù lọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, tí wọ́n bí ní ọdún 1935, tó sì papò dà ní 1995. Onímọ̀ nípa àrùn ọpọlọ àti iṣan ni, ní UCH Ìbàdàn. Ní 1968, ó tẹ ìwádìí kíkún kan jáde lórí àrùn náà nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Brain, ní ìlú Ọba. Ó yẹ àwọn aláìsàn wò láti orí dé ẹsẹ̀, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì fi ẹ̀rọ wọn bí iṣan wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1969, òun pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Monekosso, ọmọ Kamẹrúùnù, àti Wilson, tún tẹ òmíràn jáde, èyí tí wọ́n ṣe láàrin ìlú, kì í ṣe nínú ilé ìwòsàn. Wọn kò jókòó kí aláìsàn wá bá wọn, àwọn ló lọ bá ará ìlú.

Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó ní àrùn yìí ń jẹ oúnjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹran, ẹja tàbí ẹyin jẹ. Nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n rí àmì pé ara ń bá májèlé kan jà, ìyẹn sáyánáìdì.

Gbogbo ìyá tó ń yan gàrí ló mọ̀ pé a kì í jẹ ẹ̀gẹ́ kíkan ní tútù. Inú ẹ̀gẹ́ ni ohun tó ń di sáyánáìdì wà, ó sì ń tú jáde nígbà tí a bá rin ín. Rírin, fífún omi rẹ̀, fífi í sílẹ̀ kó kan, àti yíyan lórí iná ló ń lé májèlé náà lọ. Díẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù, ara a máa sọ ọ́ di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀, a sì bá ìtọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n èròjà kan tó ń wá láti inú oúnjẹ amúaradàgbà bí ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà ni ara fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá ń fi gàrí nìkan mumi láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kò ní èròjà náà tó.

Àlàyé yìí dùn-ún gbọ́, ó sì bọ́gbọ́n mu. Bó bá jẹ́ òótọ́, oògùn yẹ kó ṣiṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú fítámì B12 kan tó lè di sáyánáìdì mú, pẹ̀lú àwọn èròjà mìíràn, wọ́n fi wé ara wọn láàrin àwọn aláìsàn, wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Wọn kò rí àǹfààní tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n tẹ ìyẹn náà jáde. Ẹ jẹ́ ká yìn wọ́n fún un. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló máa ń kéde pé oògùn tí òun gbójú lé kò ṣiṣẹ́.

Ohun tí wọ́n rí ní Òsósà

Òsósà kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n bí Hubert Ògúndé sí. Ó wà lára ìlú tí wọ́n dárúkọ ní 1969 pé àrùn náà wà. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, Dókítà O. S. A. Oluwole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà síbẹ̀ láti mọ̀ bóyá àrùn náà ti lọ. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2000.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n ka gbogbo ará ìlú, wọ́n jẹ́ 4,583. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n sì bi 3,428 ènìyàn tó ti pé ọmọ ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìbéèrè. Ìdáhùn àwọn 323 mú kí wọ́n pè wọ́n fún àyẹ̀wò kíkún. Kí dókítà tó sọ pé TAN ni, ó ní láti rí ó kéré tán méjì nínú àmì mẹ́rin: kí iṣan ojú méjèèjì ti kú, kí etí méjèèjì ti di nítorí iṣan, kí ìrìn má tọ́ mọ́ nítorí àìní ìmọ̀lára, tàbí kí ìmọ̀lára ti lọ kúrò ní ẹsẹ̀ méjèèjì bákan náà. Nínú àwọn 323 wọ̀nyí, 206 ló ní i.

Ìyẹn jẹ́ 6 nínú 100 ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò. Nínú àwọn ọkùnrin, kò pé 4 nínú 100. Nínú àwọn obìnrin, ó fẹ́rẹ̀ tó 8. Nígbà tí wọ́n wá yẹ àwọn ìyá tó wà láàrin ọdún 60 sí 69 wò lọ́tọ̀, 24 nínú 100 ló ní i. Ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ ẹnìkan nínú ìyá mẹ́rin. Àrùn tó ṣọ̀wọ́n ní gbogbo ayé ni mò ń sọ yìí o, kò sì ṣọ̀wọ́n rárá lójúde kan ní ilẹ̀ wa.

Iṣẹ́ wọn kò parí síbẹ̀. Kíka àwọn tó ti ń ṣàìsàn kò tó láti mọ bí àrùn ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún tọ àwọn ènìyàn tó lé ní 3,000, tí ara wọn dá, fún ọdún méjì, láti rí ẹni tí yóò mú. Èyí ni wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003. Bí a bá kó 10,000 ènìyàn jọ, tí a sì ṣọ́ wọn fún ọdún kan, nǹkan bí 64 ni àrùn náà yóò mú gẹ́gẹ́ bí ìṣirò wọn. Tó bá jẹ́ ọkùnrin nìkan, 31. Tó bá jẹ́ obìnrin nìkan, 93, ìlọ́po mẹ́ta ti ọkùnrin.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú. Wọ́n lọ sí ìlú mìíràn tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń jẹ oúnjẹ ẹ̀gẹ́, tí sáyánáìdì tó ń wọ ara wọn sì ju ti Òsósà lọ. Bó bá jẹ́ pé sáyánáìdì ló ń fa TAN, ìlú yẹn ni ó yẹ kí aláìsàn pọ̀ sí jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn náà ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ìdájọ́ wọn ni pé kò jọ pé sáyánáìdì ló fà á. Àwọn onímọ̀ mìíràn ṣì ń dárúkọ ẹ̀gẹ́ nínú ìwé wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ di ẹ̀bi ru gàrí ní láti kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ ìlú kejì yẹn.

Bí àrùn ṣe ń rìn ń tọ́ka sí ohun tó fà á

Ẹ lè bi mí pé, kí ni a ń fi odidi ọdún ṣọ́ àrùn fún nígbà tí a kò tíì rí oògùn rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi àrùn mẹ́ta mìíràn dáhùn.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní konzo. Ní 1981, ó mú ènìyàn tó lé ní 1,000 ní Nampula, ní orílẹ̀-èdè Mozambique, àwọn obìnrin àti ọmọdé sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀dá mú kí wọ́n máa jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò tí wọn kò ṣe dáadáa. Ọjọ́ kan ni ẹsẹ̀ méjèèjì á le gan. Lẹ́yìn náà kò ní burú sí i, kò sì ní sàn tán. Ẹsẹ̀ tó le, tó ń mú ní ọjọ́ kan, kò jọ ẹsẹ̀ tó kú díẹ̀díẹ̀ fún ọdún. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ dárúkọ ẹ̀gẹ́ nínú méjèèjì, àrùn ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Èkejì wà ní Kúbà, láàrin 1991 sí 1993. Ènìyàn tó lé ní 50,000 ni ojú wọn ṣe bàìbàì tàbí tí ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jó, nígbà tí oúnjẹ wọ́n gógó ní ìlú náà. Ìjọba pín fítámì fún gbogbo ará ìlú, àrùn náà sì rọlẹ̀. Ó fara jọ TAN gidigidi, ṣùgbọ́n ó dé pẹ̀lú ìyàn, ó sì lọ nígbà tí fítámì dé.

Ẹ̀kẹta wà nílé tiwa. Ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Àkókó, àwọn kan a máa gbọ̀n, tí wọn kò ní lè rìn, ní ìgbà òjò nìkan. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn dókítà ti kọ nípa rẹ̀ ní Iléṣà. Ọ̀mọ̀wé Bọ́lá Adámọ́lẹ́kun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí kòkòrò kanní tí àwọn ènìyàn ń jẹ ní àsìkò náà, èyí tó ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ara. Ní 1994 wọ́n fi hàn pé B1 ń wò ó sàn. Wọ́n kíyè sí i pé àsìkò kanní ni àsìkò àìsàn, ìyẹn ló sì gbé wọn dé ìdí oògùn.

Ẹ rí i pé ọjọ́ tí àrùn dé, bó ṣe yára tó, ẹni tó mú, àti bóyá ó ń padà tàbí ó ń lọ síwájú, ni àmì tí a fi ń tọ ipasẹ̀ ohun tó fà á. Ẹni tó lè sọ ìyẹn fún dókítà kì í ṣe ẹ̀rọ. Ará ilé tó fojú sílẹ̀ ni.

Ibi tó ti kan àwa tí a wà lájò

Ìwádìí Òsósà ka ẹni tó wà nílé. Kò ka àwa. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó kúrò nílé ní ọmọ ogún ọdún, tó sì ti lo ogójì ọdún ní Kánò lórí tùwó àti ẹ̀wà, ṣé àrùn náà ń mú òun náà? Bó bá ń mú un, a jẹ́ pé ohun tó fà á ti wọ ara rẹ̀ láti kékeré. Bí kò bá mú un, a jẹ́ pé ohun kan ń bẹ nílé tí ẹni tó kúrò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè yìí wúlò fún onímọ̀, àwa tí a kúrò nílé la sì lè jẹ́rìí sí i. Nítorí náà mo fẹ́ bẹ̀ yín lórí ohun márùn-ún.

Èkíní, bí ẹ bá lọ sílé ní Kérésì tàbí ní ọdún Iléyá, ẹ wo bí Màmá ṣe ń rìn. Ẹ bi wọ́n pé: Ṣé ẹsẹ̀ ń jó yín tàbí ó ti kú? Ṣé ẹ máa ń ṣubú lóru tàbí nígbà tí ẹ bá ń bọ́jú? Ṣé ẹ ṣì ń rí ojú mi dáadáa? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún bi wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwé pélébé yẹn ni dókítà yóò kọ́kọ́ bèèrè.

Èkejì, ẹ má fi ẹnu ara yín sọ pé TAN ni. Ìtọ̀ ṣúgà lè pa ẹsẹ̀. Àìtó fítámì B12, ọtí àmujù, kòkòrò HIV, ẹ̀tẹ̀, àti oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kan bí wọn kò bá fi fítámì B6 tì í, gbogbo wọn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ìtọ́jú bí a bá tètè dé ilé ìwòsàn. Ọ̀bẹ lè yọ ojú tó fọ́ nítorí ẹbọ́nrẹ́n nínú òkùnkùn. Ẹni tó bá jókòó sílé pé "ogbó ni" lè pàdánù ohun tó ṣe é tún ṣe.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Gàrí kì í ṣe ọ̀tá wa. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ béèrè ohun tí wọ́n fi ń rà. Ìyá tó ń dá gbé kì í fẹ́ dáná, gàrí ló yá jù. Ẹ ṣètò ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ àti ẹyin fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣe gàrí tà, ẹ má gé ọjọ́ kíkan rẹ̀ kúrú nítorí ọjà.

Ẹ̀kẹrin, bí àwọn olùwádìí bá dé ìlú yín, ẹ má lé wọn, ẹ má sì tẹ̀lé wọn bí ẹran. Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ wọn. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe, àti ìgbà tí wọ́n máa padà wá sọ àbájáde fún ìlú. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ka sí ohun tí kò yé e, ẹni tó bá sì fẹ́ jáwọ́ ní ẹ̀tọ́ láti jáwọ́. Ìwádìí tó dára kì í bínú sí ìbéèrè.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́, mo sì fẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò kí ìpàdé yìí tó túká. Bí òbí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, ìwé òfin wa ní iye tí a ń gbé kalẹ̀, a sì ń háyà ọkọ̀ lọ sílé. Ó dára, ẹ̀yẹ ni. Ṣùgbọ́n kò sí kọ́bọ̀ kan nínú òfin wa fún òbí tó ṣì wà láàyè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn. Àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Wọ́n tún ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Òkété tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánò, ta ni yóò fún un lọ́mú?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní owó ẹgbẹ́ kò tó, òótọ́ sì ni. Mi ò sọ pé kí a fọwọ́ kan owó ìsìnkú. Mo ní kí a yọ díẹ̀ nínú owó tí a ń fi ṣe àríyá ìparí ọdún, kí a fi ṣe owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fún òbí kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá nílò rẹ̀. Kí akọ̀wé sì ṣí ìwé kan tí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ yóò kọ ìlú rẹ̀ sí, ọdún tó kúrò nílé, àti bóyá òun tàbí òbí rẹ̀ ní irú àmì tí mo kà. Kí wọ́n tì í sínú àpótí, kí ẹnikẹ́ni má kà á láìgba àṣẹ ẹni tó kọ ọ́, nítorí àìsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-ń-sọ-lábẹ́-igi. Lọ́jọ́ tí olùwádìí bá wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó kúrò nílé, a ó ní ohun tí a ó fi dá a lóhùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun kò rí òpin ìwádìí yìí kó tó kú. Àwọn 206 tí wọ́n rí ní Òsósà jẹ́ kí wọ́n di ojú wọn, kí wọ́n gún ẹsẹ̀ wọn ní abẹ́rẹ́, kí wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè nípa ìkòkò ọbẹ̀ wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣèlérí ìwòsàn fún wọn. Ìyá tiwọn ni wọ́n, ìyá tiwa náà ni wọ́n. Ohun tí a lè ṣe fún wọn ni kí a tètè kíyè sí àwọn tó kù.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọlọ́run á jẹ́ ká bá àwọn òbí wa láyọ̀, lórí ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí wa bí a bá wọlé.